Nọ́ńbà Kan, Ìtumọ̀ Méjì: Ìdí Tí BMI 27.5 Fi Kan Àwa Adúláwọ̀ ní Ìlú Ọba

Ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ jọ sọ lónìí, ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe nọ́ńbà owó. Nọ́ńbà tí nọ́ọ̀sì máa ń tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà nígbà tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ lórí òṣùwọ̀n ni, èyí tí wọ́n ń pè ní BMI.

Ẹ jẹ́ ká fi ìbejì kan ṣe àpẹẹrẹ. Táyé ń gbé ní Peckham, Kẹ́hìndé tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ń gbé ní Houston. Obìnrin ni àwọn méjèèjì. Gíga wọn dọ́gba, mítà 1.63. Ìwọ̀n wọn náà dọ́gba, kílò 75. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n lọ rí dókítà, nọ́ńbà kan náà ló sì jáde fún wọn: 28.2. Dókítà ti Houston sọ fún Kẹ́hìndé pé ó tẹ̀wọ̀n jù díẹ̀, kó máa ṣọ́ra. Dókítà ti London, bó bá tẹ̀lé ìlànà tó wà nílẹ̀, á sọ fún Táyé pé ó ti wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ní ìsanrajù. Ìyá kan, baba kan, ara kan náà, kílò kan náà. Ta ló wá purọ́ nínú àwọn dókítà méjèèjì?

Kò sẹ́ni tó purọ́. Ìlà tí oníkálukú wọn ń wò ni kò sí lójú kan náà. Ní Ìlú Ọba, àjọ NICE tó máa ń kọ ìlànà fún àwọn dókítà NHS ti sọ pé fún àwa tá a wá láti ìdílé adúláwọ̀ Áfíríkà tàbí Karíbíánì, àti fún àwọn ará Íńdíà, Pakistan, Ṣáínà àti àwọn Lárúbáwá, ìlà ìsanrajù kì í ṣe 30, 27.5 ni. Ìlà tó ń sọ pé èèyàn ti tẹ̀wọ̀n jù kì í ṣe 25, 23 ni. Ní Amẹ́ríkà, 25 àti 30 ni àjọ CDC ń lò fún gbogbo àgbàlagbà, funfun àti dúdú.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tó sì gbọ́, ohun méjì ni wọ́n sábà máa ń sọ. Àwọn kan á ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni, pé òyìnbó tún ti rí nǹkan mìíràn tí wọ́n fẹ́ fi ya dúdú sọ́tọ̀. Àwọn kan á ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre, egungun tiwa ló wúwo." Ohun tá a fẹ́ sọ níbí ni pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè gbà wá lọ́wọ́ àtọ̀gbẹ. Ó sàn kí kálukú mọ nọ́ńbà rẹ̀, kó mọ ohun tó ń sọ, kó sì mọ ohun tí kò lè sọ.

BÍ A ṢE Ń ṢÍRÒ RẸ̀

Kò le rárá. Ohun méjì lẹ nílò: ìwọ̀n yín ní kílò, gíga yín ní mítà. Ẹ sọ gíga yín di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. Èyí tó bá jáde, ẹ fi pín ìwọ̀n yín. Ó parí.

Ẹ wo ti Táyé. 1.63 lọ́nà 1.63 jẹ́ 2.657. Ẹ fi 2.657 pín 75, ó di 28.2. Inú fóònù yín ni kalukulétọ̀ wà, kò ní gbà yín ní ìṣẹ́jú kan.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, tí ẹ ń lo pọ́ùn àti íǹṣì, ọ̀nà tiyín rèé. Ẹ sọ íǹṣì gíga yín di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. Ẹ sọ pọ́ùn yín di púpọ̀ pẹ̀lú 703. Ẹ wá fi ti àkọ́kọ́ pín ti ìkejì. Kẹ́hìndé wọn pọ́ùn 165, gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 4, ìyẹn íǹṣì 64. 64 lọ́nà 64 jẹ́ 4,096. 165 lọ́nà 703 jẹ́ 115,995. Tí ẹ bá pín in, 28.3 ló máa jáde. Ìyàtọ̀ bíńtín tó wà níbẹ̀, yíyí tá a yí kílò sí pọ́ùn, mítà sí íǹṣì ló fà á, kì í ṣe pé ẹ̀gbọ́n sanra ju àbúrò lọ. Ẹ̀yin àgbà tó jẹ́ stone lẹ ṣì ń kà, stone kan jẹ́ pọ́ùn 14, nítorí náà stone 11 àti pọ́ùn 11 ni pọ́ùn 165 yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa o. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ bọ́ kóòtù, ẹ tú gèlè. Ẹ sì wọn gíga yín tuntun. Gíga tí wọ́n wọ̀n fún yín nígbà tí ẹ jẹ́ ọmọ ogún ọdún lè má jẹ́ tiyín mọ́, torí àgbà a máa kúrú díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn tí nọ́ńbà bá ti jáde, bí a ṣe ń kà á nìyí:

Ẹni tí tiẹ̀ kò bá tó 18.5, ó ti rù jù. Èyí kan funfun, ó kan dúdú.

Láti 18.5 dé 24.9, ìlà gbogbogbò ní ó dára. Ní ìlà tiwa, 22.9 ni ibi tó dára parí sí.

Láti 25 dé 29.9, ìlà gbogbogbò ní èèyàn tẹ̀wọ̀n jù. Ní ìlà tiwa, láti 23 dé 27.4 ni.

Láti 30 sókè, ìlà gbogbogbò pè é ní ìsanrajù. Ní ìlà tiwa, láti 27.5 ni.

Fún ẹni tó ga tó Táyé, 27.5 ń lọ sí kílò 73, 30 ń lọ sí kílò 80. Àárín kílò 73 àti 80 yẹn ni gbogbo àríyànjiyàn yìí wà. Ẹ wò ó dáadáa, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìyá àti ẹ̀gbọ́n wa wà, àwọn tí a máa ń kí lóde àríyá pé, "Ẹ ti ń dán o, ara yín ti bọ̀ sípò, ìlú òyìnbó gbà yín."

TA LÓ FA ÌLÀ YÌÍ GAN-AN?

Ẹni tó kọ́kọ́ gbé ìṣirò yìí kalẹ̀ kì í ṣe dókítà. Adolphe Quetelet lorúkọ rẹ̀, ará Bẹ́ljíọ̀mù ni, onímọ̀ ìṣirò àti ìràwọ̀ ni. Láàárín ọdún 1830 sí 1840 ló ń wá ohun tó pè ní ènìyàn àárín, ìyẹn bí ènìyàn lásán ṣe máa ń rí tí a bá wọn ọ̀pọ̀ èèyàn pọ̀. Àwọn ará Yúróòpù ló wọ̀n. Kò wá àìsàn kankan. Ó lé ní 100 ọdún lẹ́yìn náà, ní 1972, kí onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Ancel Keys, tó fún un ní orúkọ tó ń jẹ́ lónìí. Àwọn ilé ìwòsàn àti ilé iṣẹ́ ìbánigbófò gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, torí pé òṣùwọ̀n àti ọ̀pá ìdíwọ̀n lásán ló ń fẹ́. Kò ná èèyàn ní kọ́bọ̀.

Ìlà tí wọ́n ń fà sórí rẹ̀ náà kò já bọ́ láti ọ̀run. Títí di 1998, ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin gbọ́dọ̀ tó 27.8, obìnrin gbọ́dọ̀ tó 27.3, kí wọ́n tó sọ pé ó tẹ̀wọ̀n jù. Lọ́dún yẹn ni wọ́n fà á wá sí 25. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù èèyàn ló sùn ní alẹ́ tí ara wọn dára, tí wọ́n jí ní òwúrọ̀ tí wọ́n sì ti tẹ̀wọ̀n jù, láìjẹ òkèlè kan lé e. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé ènìyàn ló fa ìlà yìí, òótọ́ ló sọ. Ìbéèrè tó yẹ ká bi ni pé, kí ni wọ́n wò kí wọ́n tó fà á?

Ti àwa dúdú ní Ìlú Ọba, àtọ̀gbẹ ni wọ́n wò. Ní 2013 ni NICE kọ́kọ́ sọ pé kí wọ́n máa lo 23 àti 27.5 fún wa láti fi dènà àtọ̀gbẹ. Ní 2021, ìwádìí ńlá kan jáde tó wo ìwé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tó tó mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ ní England. Ohun tí wọ́n bi ni pé: ewu àtọ̀gbẹ tó wà lára òyìnbó tí BMI rẹ̀ jẹ́ 30, ibo ló ti ń bẹ̀rẹ̀ lára àwọn ẹ̀yà yòókù? Lára àwọn ará Íńdíà àti Pakistan, 23.9 ni. Lára àwọn ará Ṣáínà, 26.9. Lára àwọn Lárúbáwá, 26.6. Lára àwa dúdú, 28.1. Ní oṣù kẹsàn-án 2022, NICE fi ìlà náà sínú ìlànà tó wà fún ìsanrajù fúnra rẹ̀, wọ́n sì tún kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ìlànà kan ṣoṣo ní oṣù kìíní 2025.

Ẹ jẹ́ ká ka àwọn nọ́ńbà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Tiwa jẹ́ 28.1, ti ará Íńdíà jẹ́ 23.9. Ọ̀nà wọn jìn síra wọn. Síbẹ̀ 27.5 kan náà ni NICE fà fún gbogbo wa pọ̀. Ìyẹn ni pé ẹni dúdú tó wà ní 27.5 kò sí nínú ewu kan náà pẹ̀lú ará Íńdíà tó wà níbẹ̀. Ìlà tiwa sún mọ́ òótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀bẹ tó gé nǹkan sí méjì géérégé. Ẹni tó wà ní 27.3 kò bọ́ lọ́wọ́ ewu, ẹni tó wà ní 27.6 kò sì tíì di aláìsàn.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Ní oṣù kẹfà 2023, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ibẹ̀, AMA, sọ ọ́ gbangba pé ara àwọn òyìnbó ìgbà àtijọ́ ni wọ́n ti kó èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí BMI dúró lé, pé wọ́n ti lò ó ṣe ìyà fún àwọn ẹ̀yà mìíràn rí, àti pé kí dókítà má ṣe dá a lò láìwo nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Ẹ rí i pé ìṣòro kan náà ni ìlú méjèèjì rí. Àwọn kan sún ìlà, àwọn kan ní kí á má gbára lé ìlà nìkan. Kò sí èyí tó ní kí á jù ú nù.

"EGUNGUN TIWA LÓ WÚWO"

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà. Tí a bá kó ọ̀pọ̀ èèyàn dúdú àti ọ̀pọ̀ òyìnbó jọ, egungun àwọn dúdú sábà máa ń ki ju, iṣan ara wọn náà sì sábà máa ń pọ̀ ju. Ìyẹn ni pé tí dúdú kan àti òyìnbó kan bá jọ wà ní 28, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rá ara dúdú kéré sí ti òyìnbó. Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé ọ̀rá nìkan ni ọ̀rọ̀ wà, òkè ló yẹ kí wọ́n gbé ìlà tiwa lọ, kì í ṣe ìsàlẹ̀.

Kí ló wá dé tí wọ́n fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀? Torí pé àtọ̀gbẹ kò dúró de ọ̀rá púpọ̀ lára wa kó tó dé. NHS a máa kìlọ̀ pé òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í wà nínú ewu àtọ̀gbẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì tó bá ti lé ní 40 ọdún, ṣùgbọ́n àwa adúláwọ̀, láti 25 ọdún ni. Bí ara wa ṣe ń lo ṣúgà wà nínú ohun tó fà á, iṣẹ́ alẹ́, oúnjẹ, àìrówó àti wàhálà ìgbésí ayé náà sì wà níbẹ̀. Ohun tó yẹ kó yé wa ni pé wọn kò fa ìlà wálẹ̀ nítorí pé a sanra ju àwọn ẹlòmíì lọ. Wọ́n fà á wálẹ̀ nítorí pé àìsàn ń yára kàn wá ju bí ojú ṣe lè rí lọ. Egungun líle kì í dènà àtọ̀gbẹ. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ.

OHUN TÍ NỌ́ŃBÀ YÌÍ LÈ GBÀ FÚN YÍN

Àwọn kan á bi pé, tí wọ́n bá pè mí ní onísanrajù, kí ni èrè mi níbẹ̀? Ó ní èrè o. Ìlà ni ilẹ̀kùn ọ̀pọ̀ ìtọ́jú.

Ẹ wo abẹ́rẹ́ Mounjaro tí ariwo rẹ̀ gba ìgboro. Ní 23 oṣù kẹfà 2025 ni NHS ní England bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn èèyàn láti ọ̀dọ̀ GP. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ mú wọlé ni àwọn tí BMI wọn tó 40 tí wọ́n sì ní ó kéré tán mẹ́rin nínú àìsàn márùn-ún: àtọ̀gbẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn ọkàn àti òpó ẹ̀jẹ̀, ọ̀rá àpọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀, àti àìsàn tó ń dá èèyàn lẹ́kun èémí lójú oorun. Fún àwa dúdú, wọ́n yọ 2.5 kúrò, ó di 37.5. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń yọ 2.5 fún ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ìsanrajù. Lórí Mounjaro, ní ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, ẹni tó wà ní 38 tó ní àwọn àìsàn yẹn, ẹnu ọ̀nà ló wà bó bá jẹ́ dúdú, ìta ló wà bó bá jẹ́ funfun.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò ní ojú. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé yín ló ń kà. Ọ̀pọ̀ nínú wa, nígbà tí a kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, a fo ibi tí wọ́n ti bi wá ní ẹ̀yà, tàbí a mú "kò fẹ́ sọ", torí a ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ó yé ni, ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló á sá. Ṣùgbọ́n tí ibẹ̀ bá ṣófo, wọ́n lè fi 30 àti 40 wọ̀n yín láìmọ̀. Ẹ pe ilé ìwòsàn yín, ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n kọ síbẹ̀. Tí kò bá tọ́, ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì tìtorí àtiyára tẹ́ẹ́rẹ́ lọ ra abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á lórí WhatsApp tàbí ní ilé ìṣerun. Ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kẹ́mísì tó ní ìwé àṣẹ ni kí ẹ lọ.

TÉÈPÙ TÉLỌ̀ SỌ JU ÒṢÙWỌ̀N LỌ

BMI kò mọ ọ̀rá yàtọ̀ sí iṣan. Bọ́ọ̀kán nínú wa bá ń gbé ẹrù ní wíàhaosì lójoojúmọ́, tí apá rẹ̀ ki bí igi ìrókò, BMI lè pè é ní onísanrajù. Kò sì mọ ibi tí ọ̀rá jókòó sí. Ọ̀rá tó wà ní ìdí àti itan kò burú tó èyí tó wà nínú ikùn, tó yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká. Èyí tó wà nínú ikùn yẹn ló ń fa wàhálà.

Nítorí náà NICE ní kí á fi téèpù kún un, fún ẹni tí BMI rẹ̀ kò bá tíì tó 35. Téèpù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ náà ni. Ẹ wá ibi tí egungun ìhà yín parí sí, ẹ wá orí egungun ìbàdí, ẹ fi téèpù yí àárín méjèèjì ká. Ẹ mí síta kí ẹ tó kà á, ẹ má fa ikùn wọlé, kò sí ẹni tí ẹ ń tàn. Ohun tó bá jáde kò gbọdọ̀ tó ìdajì gíga yín. Táyé tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 163, ikùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ tó 81.5, ìyẹn íǹṣì 32. Tó bá wà láàárín ìdajì sí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá gíga, ewu ti ń pọ̀. Tó bá kọjá ìyẹn, ewu ti pọ̀ gan-an. Ìlà kan náà ni fún ọkùnrin àti obìnrin, fún dúdú àti funfun, àní fún ẹni tí iṣan rẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá ń bínú sí ìlà ẹlẹ́yà méjì, èyí ni tirẹ̀.

Ẹ wo ọkùnrin kan, ká pè é ní Àkànní. Ó ga ní mítà 1.80, ó wọn kílò 78. BMI rẹ̀ jẹ́ 24.1. Lójú ìlà gbogbogbò, ara rẹ̀ dá ṣáká. Lójú ìlà tiwa, ó ti kọjá 23. Téèpù ní ikùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 96, ìdajì gíga rẹ̀ sì jẹ́ 90. Àkànní pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí gbogbo èèyàn ń pè ní "ọkùnrin tí kì í sanra" ti wà nínú ewu. Mélòó nínú àwọn bàbá wa ni ọ̀rọ̀ wọn rí báyìí, apá tínrín, ẹsẹ̀ tínrín, ikùn níwájú?

Ẹ̀kẹta ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní HbA1c ń sọ bí ṣúgà ṣe rí nínú ẹ̀jẹ̀ fún oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ fetí sí èyí o, torí ọ̀rọ̀ ilé wa ni: ẹni tó jẹ́ SS, àyẹ̀wò yìí kò ṣeé gbára lé fún un. Ẹni tó jẹ́ AS, ó lè fi nọ́ńbà hàn kéré sí bó ṣe yẹ. Ẹ sọ irú ẹ̀jẹ̀ yín fún dókítà kí ó lè mọ àyẹ̀wò mìíràn tí yóò ṣe. Ẹ má rò pé ó ti mọ̀.

Àwọn tí BMI kò bá mu dáadáa tún wà. Aláboyún kò gbọdọ̀ fi ṣe ìdájọ́ ara rẹ̀. Fún àwọn tó ti lé ní 65 ọdún, NICE fúnra rẹ̀ ní kí dókítà ṣọ́ra, torí ó ṣeé ṣe kí ẹran díẹ̀ lára dáàbò bo àgbàlagbà. Tí màmá bá wá kí wa láti ilé, tí ọjọ́ orí wọn ti jẹ́ 74, ẹ má tìtorí 27 kí ẹ fi ebi pa wọ́n.

LẸ́TÀ TÍ ỌMỌ GBÉ DÉ LÁTI ILÉ ÌWÉ

Ní England, wọ́n máa ń wọn àwọn ọmọ lẹ́ẹ̀mejì ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: nígbà tí wọ́n bá wà ní Reception, àti nígbà tí wọ́n bá dé Year 6. Òbí lè rí lẹ́tà gbà tó sọ pé ọmọ rẹ̀ tẹ̀wọ̀n jù. Ìjà ńlá ni lẹ́tà yìí ń dá sílẹ̀ nínú ilé wa. Màmá àgbà á ní ọmọ náà rù ni, bàbá á ní ilé ìwé ń tàbùkù òun.

23 àti 27.5 kò kan ọmọdé rárá. Ọmọ ń dàgbà, nítorí náà ìtò ni wọ́n ń lò. Ẹ fojú inú wo 100 ọmọ tí ọjọ́ orí wọn dọ́gba, tí wọ́n jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin bíi ti yín, tí a tò láti orí èyí tó fẹ́lẹ́ jù dé èyí tó sanra jù, bí àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ṣe rí ní 1990. Tí ọmọ yín bá dé ipò 91, lẹ́tà á ní ó tẹ̀wọ̀n jù. Tó bá dé 98, á ní ó tẹ̀wọ̀n jù gan-an.

Níbí, ọ̀rọ̀ egungun tún dé, ó sì dé pẹ̀lú agbára. Ìwádìí kan tó jáde ní 2017 lórí àwọn ọmọ ní Ìlú Ọba fi hàn pé BMI máa ń sọ pé ọ̀rá ara àwọn ọmọ adúláwọ̀ Áfíríkà pọ̀ ju bó ṣe wà lọ, ó sì máa ń dín ti àwọn ọmọ Íńdíà kù. Lẹ́tà ilé ìwé kò ṣe àtúnṣe yìí. Nítorí náà tí ọmọ yín bá wà ní 91 tàbí 92, tó ń sáré, tó ń ṣeré, tí téèpù sì sọ pé ikùn rẹ̀ kò tó ìdajì gíga rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó ìtìjú bá a. NICE ti gbà pé kí á lo téèpù yẹn fún ọmọ tó ti tó ọdún márùn-ún. Ṣùgbọ́n tó bá wà ní 99, tí kì í kúrò nídìí fóònù, ẹ má fi egungun bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ mú lẹ́tà náà lọ bá nọ́ọ̀sì. Ẹ má sì pe ọmọ ní "ọ̀rọ̀bọ̀" lójú àlejò. Eré ni lẹ́nu wa, ọgbẹ́ ni lọ́kàn ọmọ tí wọ́n tún ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní ilé ìwé.

KÍ LA WÁ FẸ́ ṢE?

Àwọn òbí wa kò ṣìnà nígbà tí wọ́n ń yọ̀ sí ẹni tó sanra. Níbi tí àìsàn àti ebi ti ń mú èèyàn rù, ẹran ara jẹ́ àmì àlàáfíà. Ṣùgbọ́n níbí, ọkọ̀ ló ń gbé wa, àga la fi ń ṣiṣẹ́, ọ̀gànjọ́ òru la ń jẹun nígbà tí a bá ti iṣẹ́ dé, ọjọ́ Sátidé òde àríyá méjì ń dúró dè wá. Àmì ti yí padà, ojú wa ni kò tíì yí.

Kò sì gba pé kí èèyàn padà di ẹni ogún ọdún. Ní 2002, ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà wo àwọn tí ṣúgà wọn ti ń gòkè. Àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ láti dín ìwọ̀n wọn kù ní nǹkan bí ìdá 7 nínú 100, tí wọ́n sì ń rìn fún 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, ewu àtọ̀gbẹ wọn fi ìdá 58 nínú 100 dín kù. Ká ní Táyé dín ìdá 5 péré kù, kílò 3.75 ni. Á wá sí kílò 71.25, BMI rẹ̀ á jẹ́ 26.8. Ó ti bọ́ sábẹ́ 27.5 nìyẹn, kò sì tíì fi àmàlà sílẹ̀. Ó kàn dín òkèlè kù, ó fi ẹ̀fọ́ kún un, ó fi omi dípò ohun dídùn inú agolo, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní ìdúró méjì ṣáájú ilé.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní England, tí ẹ wà láàárín 40 sí 74 ọdún tí ẹ kò tíì ní irú àìsàn wọ̀nyí, ẹ̀tọ́ yín ni NHS Health Check lọ́dún márùn-márùn-ún, ọ̀fẹ́ ni. Tí ṣúgà bá ti ń gòkè, tí kò tíì di àtọ̀gbẹ, GP lè fi yín sínú ètò ìdènà àtọ̀gbẹ ti NHS. Ẹ̀yin ti Amẹ́ríkà àti ibòmíì, ẹ kò gbọdọ̀ dúró kí dókítà tó sọ pé 30 pé. Tí nọ́ńbà yín bá ti ń sún mọ́ 28, ẹ fúnra yín ẹ béèrè fún àyẹ̀wò ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tó bá lérò pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà wà nínú ìlà yìí, ohun tó yẹ kó bínú sí ju ni kí wọ́n fi ìlà ẹlòmíì wọ̀n ọ́n títí kíndìnrín fi dákẹ́.

Lópin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ gbé òṣùwọ̀n jáde, ẹ wá téèpù, ẹ pe tọkọtaya, ẹ pe ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lórí fóònù. Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́ta sílẹ̀: BMI, ikùn, àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Ẹ ṣe é láìsí ẹ̀gàn, láìsí yẹ̀yẹ́. Ìlera loògùn ọrọ̀, owó tí a ń kó jọ ní àjò yìí, kí a lè fi ara líle ná an ni. Ó dìgbà kan ná.